Ṣé ìrẹ́jẹ ni kí n ra ẹsẹ̀ bọ́lẹ̀kájà mi?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ ṣe àwòṣe ibùdókọ̀ náà sórí pátákó kan, bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún wa pé ó rí ní nǹkan bí ọdún 1965: ọkọ̀ ojú irin kan, bọ́lẹ̀kájà méjì níta, àti ilé onípáànù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní bí mo bá ra ohunkóhun tí iléeṣẹ́ ti ṣe tán, ìrẹ́jẹ ni, kò sì yẹ kí n máa pè é níṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbọ́ tiẹ̀. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi igi gbẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, kò sí ọ̀kan tó ń yí láì máa mì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè rà, kí ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara mi ṣe?"

Àbúrò mi, o kú ìjókòó. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, má bínú. Èmi náà ti gbẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí. Igi ìrókò ni mo fi gbẹ́ tèmi, ó dára lójú, mo tilẹ̀ fi sáńpépà dán an títí ó fi ń kọ mànà. Ọjọ́ tí mo gbé e sórí irin, ó rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀.

Kí n tó dá ọ lóhùn, ìwọ náà dá mi lóhùn: ta ló ṣe bọ́lẹ̀kájà tí bàbá bàbá rẹ ń wọ̀? Iléeṣẹ́ Bedford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe ẹ́ńjìnnì, ṣáásì, ẹsẹ̀ àti bọ́ńẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú wọn. Imú níwájú, irin gbọọrọ méjì lẹ́yìn, kò sí ilé lórí rẹ̀: bó ṣe máa ń gúnlẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà ilé wa ló kan pákó lé e. Òun ló ṣe ìjókòó, òun ló ṣe òrùlé àti ibi ẹrù, ẹni tó mọ ọ̀dà á kùn sì wá kọ òwe síwájú orí rẹ̀. Nígbà tí mólúè gba Èkó, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀: ṣáásì Mercedes 911 nísàlẹ̀, bọ́dì tí àwọn wẹ́dà jó pọ̀ níbí lókè. Mi ò tíì gbọ́ ọjọ́ kan tí èrò ọkọ̀ sọ fún káfíńtà pé ó rẹ́ òun jẹ torí pé kò rọ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí ọkọ̀ náà tó pè é ní Bedford. Bọ́lẹ̀kájà ni gbogbo ayé pè é.

Tó o bá wá ra lọ́rì ìṣeré, tó o ṣí bọ́dì rẹ̀ kúrò, tó o fi pákó kan tuntun lé e, ohun tí káfíńtà yẹn ṣe gan-an lo ṣe, àfi pé tìrẹ kéré. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars ti ọdún 1977 náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ra páálí táńkì ogun àti ọkọ̀ òfuurufú oníke tí àwọn ọmọdé ń tò, wọ́n tú u, wọ́n sì lẹ wẹ́wẹ́ rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ tiwọn. Ẹni tó wo sinimá náà kò rí táńkì kankan níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló rí.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń bẹ̀rù wà lóòótọ́ o. Ẹlòmíì á ra ibùdókọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á gbé e kalẹ̀ bó ṣe bá a nínú páálí, pẹ̀lú ihò èéfín lórí òrùlé, á wá máa pè é ní Láfẹ́nwá. Èmi ò ní pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ pàápàá. Kò kàn jọ Láfẹ́nwá ni.

Ọ̀nà tí èmi fi ń pín iṣẹ́ nìyí. Ohun tó ń yí, àti ohun tó gbọ́dọ̀ jọra délẹ̀ ní ìgbà ogún, mo máa ń rà á. Ohun tí èèyàn máa wò táá fi pariwo pé "Ah, Láfẹ́nwá mà nìyí!" mo máa ń fọwọ́ ara mi ṣe é. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ń yí, ó sì pọ̀. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàrin gan-an, torí bó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà yẹ̀, ọkọ̀ á máa fò sókè, á máa fò sílẹ̀. Láti ojú inú ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ojú inú ẹsẹ̀ òsì gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 14.5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gba ibi tí irin ti pínyà kọjá láì ṣubú. Kò sí ọ̀bẹ tó lè gbẹ́ ìyẹn jáde lára igi. Ra ẹsẹ̀. Ra irin. Ra mọ́tò àti jíà tó bá dìgbà tí ọkọ̀ á máa dá rìn. Ọjọ́ tó kù lára oṣù mẹ́ta míì, fi ṣe òrùlé àti pákó, fi ṣe pátákó orúkọ ibùdókọ̀, fi ṣe igbá àwọn tó ń tajà fún èrò ojú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n kó o tó ra ẹyọ kan, mú ìwọ̀n tó o máa lò, má sì yí i padà mọ́. Àárín irin méjèèjì lójú irin àtijọ́ tó gba Láfẹ́nwá kọjá, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, jẹ́ mílímítà 1067. Irin kékeré tí wọ́n ń tà jù lọ láyé fún àwọn tó ń ṣe àwòṣe ọkọ̀ ojú irin, mílímítà 16.5 ni àárín tirẹ̀. Fi 16.5 pín 1067, wàá rí nǹkan bíi 64.7. Ìyẹn ni pé tó o bá ṣe gbogbo nǹkan ní 1:64, tí mítà 64 lójú ayé di mítà kan lórí pátákó rẹ, irin tó wà lórí gbogbo àtẹ yẹn bá ọ mu. Mílímítà 11 péré ló fi yàtọ̀ tá a bá dá a padà sí ti ojú ayé, kò tó ìbú àtàǹpàkò. Àwọn tó ń ṣe àwòṣe rélùwéè New Zealand, Queensland ní Ọsirélíà, àti South Africa ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́, torí ojú irin 1067 ni tiwọn náà. (Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 lo fẹ́ ṣe, ìṣirò á yí padà. Mílímítà 1435 ni tìyẹn, irin 16.5 kan náà á sì gbé ọ lọ sí 1:87. Ọkọ̀ méjèèjì ò lè bára wọn jókòó sórí pátákó kan náà, àfi kó o ní irin oríṣi méjì.)

Irin tó o bá rà, má lò ó bó ṣe wà. Yí i dojú bolẹ̀. Wàá rí okùn ike tín-ín-rín tó so àwọn igi ìdábùú pọ̀ lábẹ́ irin, torí wọ́n tò wọ́n súnmọ́ra fún ọkọ̀ tó kéré sí tìrẹ. Fi abẹ gé okùn yẹn láàrin gbogbo igi, kó o wá fọwọ́ tì wọ́n jìnnà síra títí láti àárín igi kan dé àárín èkejì á fi tó mílímítà 11, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 lójú ayé. Gígùn igi náà kò ní dà ọ́ láàmú. Mílímítà 30 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì ní ìwọ̀n tìrẹ. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òun ló máa ń mú kí ojú irin kúrò ní ti ìṣeré. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á kàn máa sọ pé "èyí mà jọ ti ilé wa o," kò ní mọ ohun tó fà á.

Mo wá dé orí ohun tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàmú jù. Wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan tí wọ́n kọ 1:64 sí lára. Lọ́rì Bedford tí wọ́n ń tà ní Gẹ̀ẹ́sì, 1:76 ni púpọ̀ wọn. Sójà oníke, 1:72. Wọ́n á ká ọwọ́ gbera. Àbúrò, ike kò mọ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Mílímítà nìkan ló mọ̀. Ká mú táyà lọ́rì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ní mílímítà 870 ní gíga. Ní 1:64, mílímítà 13.6 lò ń wá. Táyà Bedford 1:76 kò tó bẹ́ẹ̀, 11.4 ni. Ṣùgbọ́n tó o bá rí lọ́rì ológun ńlá kan nínú 1:76 kan náà, tí táyà rẹ̀ lójú ayé ga tó mítà kan àti díẹ̀, wàá bá 13.7 lábẹ́ rẹ̀. Táyà ọkọ̀ ńlá nínú ìwọ̀n kékeré ti di táyà ọkọ̀ kékeré nínú ìwọ̀n ńlá. Torí náà, kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn mílímítà, ni kó o máa gbé lọ sọ́jà, má gbé kátálọ́ọ̀gì. Èmi máa ń kọ mílímítà tí mo nílò sẹ́yìn ọwọ́ mi bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ jí ìwé wò, n óò wá máa yẹ ìsàlẹ̀ àwọn ọkọ̀ ìṣeré wò n'Ídùúmọ̀tà. Àwọn ìyá tó ń tà á ti mọ̀ mí. Wọ́n gbà pé orí mi ò pé, wọ́n sì ń dín owó fún mi.

Jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ṣe bọ́lẹ̀kájà kan, kó o lè rí i pé kì í ṣe idán.

Bedford onírin ti 1:76 ni, ọmọbìnrin mi ló rà á fún mi ní Manchester. Mo yí i dojú bolẹ̀. Orí ìṣó méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn ló di bọ́dì mọ́ ṣáásì. Mo fi dírílì onímílímítà 4 lu orí wọn díẹ̀díẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́, torí irin yẹn rọ̀, dírílì lè jàn lọ sínú ọkọ̀ lójijì. Nígbà tí orí ìṣó tán, ṣáásì já bọ́ fúnra rẹ̀. Mo yọ gíláàsì oníke, mo yọ ìjókòó, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì. Má dà nǹkan wọ̀nyí nù láé. Gíláàsì yẹn ló padà di fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdókọ̀.

Ṣáásì rẹ̀ kúrú. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó bíi mítà 4 lójú ayé, ó sì yẹ kó jẹ́ mílímítà 62.5 nínú ìwọ̀n tèmi. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 52.5. Mo fa ìlà sórí gíláàsì fèrèsé àtijọ́ kan, mo gé ṣáásì sí méjì láàrin pẹ̀lú ayùn alágbẹ̀dẹ wúrà, mo tò ó sórí ìlà náà kí mílímítà 10 ṣófo láàrin, mo wá fi ọ̀pá ike méjì tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún àti òsì kí gúlúù tó dé. Àwọn ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ yẹn ni aṣiri rẹ̀. Ẹni tó bá kàn lẹ ike kékeré sáàrin, tí kò fi ọ̀pá tì í, ọkọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ bí ìbaaka tó gbé ẹrù jù.

Bọ́ńẹ́ẹ̀tì ló fún mi ní wàhálà. Mílímítà 3 ló fi tín jù. Mo là á láàrin, mo fi ike sí i, mo fi pọ́tì dí ojú ibẹ̀, mo fá a, ó jọ̀lọ̀. Àmọ́ irin iwájú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tú mi fó, torí àlàfo tí mo là wà láàrin ọ̀pá rẹ̀, ó wá dà bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Mo gé gbogbo rẹ̀ dà nù, mo bọ́ wáyà rédíò tó ti bàjẹ́, mo fi irun bàbà inú rẹ̀ to ọ̀pá tuntun. Wo bí nǹkan ṣe rí: mo ra imú ọkọ̀ kí n lè yẹ iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tí mo fi tún imú yẹn ṣe ju èyí tí mo yẹ̀ lọ. Ó máa ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà. Ní báyìí, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi kí n tó gbé ayùn: ibi mélòó ni mo máa gé lára nǹkan yìí? Tó bá ju mẹ́ta lọ, n óò wá òmíràn rà tàbí kí n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bọ́dì pákó ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì ra nǹkan kan síbẹ̀. Lọ bá káfíńtà tó ń ṣe àga, kó o ní kó fún ọ ní fíníà, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ojú àga, tó gé dà nù. Pákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 á di mílímítà 2.3. Gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, má jẹ́ kó dọ́gba jù, kó o sì fi ẹ̀yìn abẹ fa ìlà díẹ̀ sí i kó lè jọ pákó tí òjò ti pa. Kùn ún kó o tó tò ó, má tò ó kó o tó kùn ún. Òwe iwájú orí rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó ní irun mẹ́ta ni, àti èémí tó o bá sé mọ́nú.

Páànù ilé náà: wọ́n ń tà á ní títẹ̀, ó dára, ó sì wọ́n. Mo ní ọ̀nà míì. Irin gbọọrọ oníyíyí tí bóòtù tí sípánà nọ́ńbà 13 ń tú máa ń wọ̀, tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìṣó, láti orí eyín rẹ̀ kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 1.25. Sọ ìyẹn di púpọ̀ lọ́nà 64, ó jẹ́ mílímítà 80. Páànù gidi sì ń lọ sókè sódò ní nǹkan bíi 76. Àwọn tó ṣe bóòtù kò mọ̀ pé páànù làwọn ń ṣe. Ya agolo mọ́ọ̀tì, tẹ́ ẹ sórí sílípáàsì tó rọ̀, kó o wá yí irin náà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń fẹ ìyẹ̀fun ṣinṣín. Ìlà rẹ̀ á jáde gbágbágbá. Yóò dagun díẹ̀ torí bí eyín bóòtù ṣe ń pòòyì, nítorí náà gé etí páànù tẹ̀ lé ìlà, má gé e tẹ̀ lé etí agolo. Gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílímítà 38 ní gígùn àti bíi 10 ní ìbú, kí wọ́n gun ara wọn díẹ̀ bí kápẹ́ńtà onílé ṣe ń kàn án. Ìpẹtà ṣe kókó. Láfẹ́nwá tí páànù rẹ̀ ń dán, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́?

Èèyàn ńkọ́? Ẹni tó ga ní mítà 1.7 á jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 26.6. Sójà 1:72 máa ń tó 23.6, ó kúrú fún àgbàlagbà tó dúró, ṣùgbọ́n fi sínú ọkọ̀ kó jókòó, kò sẹ́ni tó máa wọ̀n ọ́n. Àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin tí àwọn òyìnbó ń tà náà dára, ẹ̀wù wọn ni kò dára. Rẹ ìwé ìnuwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú gúlúù funfun ti káfíńtà tó o fi omi là, fi wé ọkùnrin tó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Agbádá ti wọ̀ ọ́, kóòtù rẹ̀ ti wọ inú, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Pọ́tì díẹ̀ lórí obìnrin, fi igi ìtayín tẹ̀ ẹ́, gèlè ti dé.

Àṣìṣe mẹ́ta ni mo fẹ́ kó o yẹ̀ fún. Ìgbà tí mo ṣì ń ṣe àwòṣe ilé fún àwọn ayàwòrán-ilé l'Ékòó, iṣẹ́ kan wà ní 1:100 tí ilẹ̀ ti ṣú lé lórí. Mo ra mọ́tò 1:87 kún èyí tó wà nílẹ̀, mo ní kò sẹ́ni tó máa rí i. Mọ́tò tó gùn ní mítà 4.5 jẹ́ mílímítà 45 ní 1:100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 52 ní 1:87. Onílé wo pátákó náà fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Ṣé tírélà ni gbogbo àlejò mi máa ń gbé wá ni?" Mi ò tíì gbàgbé ojú tí ọ̀gá mi fi wò mí. Tó o bá ní ọkọ̀ 1:76 tó wù ọ́ tí o kò lè tún ṣe, gbé e jìnnà sẹ́yìn pátákó, nítòsí ògiri. Ohun tó kéré lọ́ọ̀ọ́kán, ojú á gbà pé ọ̀nà ló jìn. Má jẹ́ kó dúró ti ọkọ̀ 1:64 láéláé.

Ìkejì, súpà gúlùú àti gíláàsì oníke kì í rẹ́. Òórùn rẹ̀ máa ń fi nǹkan funfun bí ìkuukùu bo ike tó mọ́ gaara, kì í sì í lọ. Fèrèsé, gúlúù funfun ni.

Ìkẹta ló dùn mí jù. Mo gé ṣáásì orí ọkọ̀ ojú irin kan láì yọ mọ́tò rẹ̀ kúrò, torí mo ń kánjú. Èérún irin fò wọ inú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì sì fà wọ́n mọ́ra. Nígbà tí mo tan iná, ó dún bí ẹyẹ ẹ̀gà, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́. Owó tó tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà yẹn. Yọ mọ́tò kó o tó gé irin nítòsí rẹ̀, kó o wé e sínú ọ̀rá.

Ìyẹn gbé mi dé orí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ní 1965, ẹ́ńjìnnì elédùú àti ti dísẹ́ẹ̀lì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ó dá mi lójú pé elédùú lò ń fẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní River, tó ní ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàrin, kékeré méjì lẹ́yìn. Má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ọ̀nà àbùjá wà. Ẹ́ńjìnnì ẹrù Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní 8F, tí wọ́n ń tà ní 1:76, ní ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ tó ga ní bíi mílímítà 18.8. Ní 1:64, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, irú èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹrù ojú irin 1067. Kí ó sì rìn lórí 16.5 ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣáásì yẹn àti mọ́tò rẹ̀ lo máa rà, ẹsẹ̀ kékeré ẹ̀yìn lo máa fi kún un, àgbá omi gbígbóná àti ilé awakọ̀ á wá láti ọwọ́ rẹ. Wọn àlàfo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwòrán ti gidi kó o tó sanwó. Tó o bá dé Èkó, lọ sí ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, sí Jaekel House, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898. Àwọn àwòrán àtijọ́ wà níbẹ̀ tí wàá fi ojú rẹ rí bí nǹkan ṣe rí, dípò ohun tí èmi tàbí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ.

Wágọ́ọ̀nù ẹrù kan ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ra ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó ga ní mílímítà 12.6 tàbí 14 tí wọ́n ń tà ní méjì méjì lórí ọ̀pá irin. Nínú ìwọ̀n tìrẹ, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 806 àti 896, ojú á gba èyíkéyìí nínú wọn. Fi ike pẹlẹbẹ ṣe ìpìlẹ̀, fi fíníà ṣe ara rẹ̀. Tì í lórí irin pẹ̀lú ìka kan. Bó bá lọ láti òpin pátákó kan sí èkejì láì mì, kọ̀wé sí mi padà, kó o sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Àwọn ẹsẹ̀ onígi tó o gbẹ́ fún oṣù mẹ́ta yẹn, má jù wọ́n síná. Kùn wọ́n ní àwọ̀ ìpẹtà, tò wọ́n sínú koríko lẹ́yìn ilé onípáànù, méjì ní ìdúró, ìyókù ní ìdùbúlẹ̀, kí ewúrẹ́ kan máa jẹ nítòsí wọn. Kò sí ọgbà rélùwéè tí mo mọ̀ rí tí kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.